Etíkun Nínú Gíláàsì: Ọ̀rọ̀ Lórí Táǹkì Iyùn Tó Ní Ilẹ̀ Lókè Omi

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹja àti iyùn, mo kí yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe táǹkì omi òkun tí iyùn (ẹ̀dá òkun tó ń kọ́lé bí òkúta, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ń gbé nínú rẹ̀, tí ilẹ̀, òkúta àti igi sì yọ jáde lókè omi. Inú mi dùn sí i gidigidi. Nínú gbogbo iṣẹ́ táǹkì tí mo mọ̀, kò sí èyí tó wù mí tó o, kò sì sí èyí tí ìkánjú ń bà jẹ́ tó o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò pọ̀: ojú omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ́kọ́ to òkúta àti iyùn sísàlẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn tán ni wọ́n á tó máa wá ohun tí wọn yóò gbé lé e lórí: igi kan, ewéko díẹ̀, bóyá òkúta kan tó yọ orí. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ ṣe erékùṣù tó rẹwà, wọ́n á wá máa wá iyùn tí yóò gba abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì ló ń bí táǹkì tí òkè rẹ̀ kò mọ ìsàlẹ̀ rí. Ibi tí omi ti kan ilẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lára gíláàsì yẹn, ibẹ̀ ni òkúta ti ń yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni iyọ̀ ń dì sí, ibẹ̀ náà sì ni ojú ẹni tó ń wò ó kọ́kọ́ ń bà lé. Bí ìlà yẹn bá tọ̀nà, ìyókù á rọrùn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òkun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ní 1842, Charles Darwin tẹ àlàyé kan jáde nípa àwọn erékùṣù iyùn tó rí roboto, tí adágún omi wà láàárín wọn. Ó ní orí òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òkè náà ń rì díẹ̀díẹ̀, iyùn tó wà létí rẹ̀ sì ń kọ́lé sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má baà jìnnà sí i, títí òkè fi rì tán, tó wá ṣẹ́ ku iyùn nìkan. Àwọn ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 1952, wọ́n gbẹ́ ihò sínú erékùṣù Enewetak nínú òkun Pàsífíìkì. Òkúta ẹfun tí wọ́n gbẹ́ kọjá lé ní 1,200 mítà kí wọ́n tó kan òkúta ayọnáyèéfín nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ iyùn ni. Iyanrìn funfun etí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gba inú ẹja kọjá. Ẹja kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́. A máa họ òkúta iyùn jẹ, a máa lọ̀ ọ́ kúnná nínú ọ̀fun rẹ̀, a sì yà á jáde ní iyanrìn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ òkè àti òkúta ìsàlẹ̀, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Bí ẹ bá fi òkúta dúdú ṣe erékùṣù lókè, tí òkúta ẹfun funfun wà nísàlẹ̀, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan kò bára mu, bí ẹnu kò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Irú òkúta kan náà ni kó gun láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá jẹ́ òkúta dúdú ayọnáyèéfín ló wù yín, ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó ti ìsàlẹ̀ dúdú wá. Bí ìlà bá wà lára òkúta náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlà rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan, lábẹ́ omi àti lókè omi.

Ibi méjì ni mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ ya àwòrán táǹkì. Ọ̀kan ni àwọn erékùṣù òkúta Palau nínú òkun Pàsífíìkì, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2012. Òkúta ẹfun ni wọ́n, igbó sì bo orí wọn. Ní ibi tí omi ti ń kàn wọ́n, òkun àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń họ òkúta ti jẹ ẹ́ wọnú yí ká, tó fi jẹ́ pé erékùṣù náà dà bí olú tó hù lójú omi. Ibi kejì ni Hurricane Hole, ní erékùṣù St. John ní Virgin Islands ti Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wa ló ti gbà pé igi mangrove, igi etí òkun tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ omi iyọ̀, àti iyùn kì í gbé ojú kan, torí ẹrẹ̀ àti omi rírú là ń ránnu mọ́ bí a bá gbọ́ mangrove. Ní 2014, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ ìròyìn pé irú iyùn tó lé ní 30 ló ń gbé láàárín gbòǹgbò mangrove níbẹ̀, tí àwọn kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara gbòǹgbò gan-an. Ibòji igi náà ń dáàbò bo àwọn iyùn kan lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn, ní àsìkò tí ooru òkun ń mú kí iyùn ibòmíràn funfun kí wọ́n sì kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé igi lórí iyùn jẹ́ àlá lásán, ẹ sọ fún un pé òkun ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣẹ́ bó bá ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sẹ́yìn gíláàsì nínú omi, ojú á rí i bí ẹni pé 15 ló wà. Ohun tó wà lókè omi ní ọ̀gangan ibẹ̀ kò sún síbì kan, 20 rẹ̀ náà lojú á rí. Ìdí nìyẹn tí òpó kan ṣoṣo tó gba ojú omi kọjá fi máa ń dà bíi pé ẹnì kan gé e sí méjì, tó fa ìdajì ìsàlẹ̀ síwájú, tó sì mú un tóbi díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá tún bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wò ó, ìyapa náà á pọ̀ sí i. Ohun tó nípọn, tó jọ̀lọ̀, tó dúró ṣánṣán ló ń jẹ́ kí àléébù yìí hàn. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ló ń wọ omi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dagun sí ibi tó wù ú, ojú kò ní mọ ìsàlẹ̀ èwo ló jẹ́ ti òkè èwo, kò sì ní í bi ara rẹ̀ léèrè. Òkúta tí etí rẹ̀ rí págunpàgun náà á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sá fún òpó.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú yóò ti máa wò ó. Bí ojú bá rẹlẹ̀ ju ojú omi lọ, abẹ́ ojú omi á di dígí: òjìji iyùn ni ẹ óò máa rí níbẹ̀, ẹ kò ní rí orí iyanrìn rárá. Bí ojú bá sì ga jù ú lọ púpọ̀, orí ilẹ̀ nìkan lẹ óò rí dáadáa. Ẹni tó jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ máa ń ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 110 sí 120 láti ilẹ̀. Èmi fẹ́ kí ojú omi rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìyẹn, kó wà ní 105 sí 110, kí ẹni tó jókòó lè rí iyanrìn etíkun fìrí, kó sì tún rí iyùn tààrà. Bí omi bá jìn ní 35, a jẹ́ pé ìdí táǹkì ní láti wà ní 70 sí 75. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wọn èyí kí ẹ tó kan tábìlì tí yóò gbé e.

Mo dárúkọ 35 torí pé ó wúlò fún táǹkì tó ga ní 60. Bí táǹkì bẹ́ẹ̀ bá gùn ní 120, tó sì fẹ̀ ní 60, lítà 432 ni yóò gbà bó bá kún dẹ́nu. Ní 35, lítà 252 ló kù, kí a tó yọ àyè òkúta kúrò. Omi yẹn nìkan á wúwo tó kílò 258, torí kílò 1.025 ni lítà omi òkun kan. Ihò tí omi ń gbà ṣàn jáde lọ sí táǹkì ìsàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ tábìlì tí a ti ń sẹ́ omi, òkè pátápátá ni wọ́n máa ń lu ú sí nínú táǹkì tí wọ́n ń tà. Tiwa gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ojú omi tí a yàn. Bí gíláàsì bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, kò ṣeé lu, ńṣe ló máa fọ́ yángá. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìlukò sí i.

Ní ti kíkọ́ ilẹ̀ náà, ẹ má ṣe fi òkúta dí i pa láti ìdí táǹkì dókè. Yóò gba àyè omi, yóò wúwo, ìdọ̀tí á sì jókòó sáàárín rẹ̀ níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ẹ wo Palau: ilẹ̀ yọ síta lókè, abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹsẹ̀ páìpù PVC mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi gbé pẹpẹ kan dúró ní ẹ̀yìn, kí ẹ wá lẹ òkúta pẹlẹbẹ mọ́ iwájú àti orí rẹ̀. Abẹ́ pẹpẹ yẹn á di ihò tí omi ń gbà kọjá, tí ẹja ń sùn sí, tí iyùn tó fẹ́ ibòji ń dàgbà sí. Bó bá jẹ́ fóòmù lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ rántí pé fóòmù máa ń léfòó. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kó tó di pé erékùṣù yín gbéra. Símẹ́ńtì náà ṣeé lò, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi aláìníyọ̀ tí ẹ ń pààrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, títí pH omi yẹn, ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, kò fi ní í gòkè mọ́. Irin kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, bàbà ni mo kórìíra jù: díẹ̀ nínú bàbà ti tó láti pa edé, ìgbín àti iyùn.

Iyanrìn etíkun máa ń yọ̀ lọ sínú omi bó ti wù kí ẹ tò ó tó. Ẹ fi òkúta kéékèèké ṣe ìdènà sí etí rẹ̀, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ iyanrìn ìpele àkọ́kọ́ mọ́ pẹpẹ, kí ẹ tó wá da èyí tó tú sílẹ̀ lé e lórí.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ iyọ̀. Omi ń gbẹ lọ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í gbẹ lọ. Bí lítà 10 bá gbẹ nínú 250, iyọ̀ tó jẹ́ 35 nínú 1,000 ti di bíi 36.5. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi aláìníyọ̀ la fi ń dí i. Ṣùgbọ́n nínú táǹkì tó ní ilẹ̀, ìṣòro kejì wà. Òkúta ẹfun ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín lára, ó sì ń fa omi sókè bí òwú àtùpà. Omi náà dé orí ilẹ̀, ó gbẹ, ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó tún fi díẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò ní pẹ́ tí orí erékùṣù á fi funfun fún èèpá iyọ̀, tí ewéko á máa jó, tí iyọ̀ á sì máa rá gba etí gíláàsì lọ bá wáyà iná.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa láti fi wò ó sàn ni omi aláìníyọ̀ tí a kúkú ń dà sínú táǹkì lójoojúmọ́. Dípò kí ẹ̀rọ tó ń dí omi máa da tirẹ̀ sí táǹkì ìsàlẹ̀, ẹ fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ sí orí ilẹ̀, kó máa kán tó-tó-tó sórí òkúta. Yóò fọ iyọ̀ náà padà sínú òkun, bí òjò ṣe ń ṣe létí òkun. Ẹ jẹ́ kó lọ́ra, kó má sì kán sórí iyùn kankan ní tààrà. N kò rí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó tún ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òkúta á tutù, kò ní funfun, ewédò tín-ín-rín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ewé, bí òkúta etíkun gidi.

Àwọn kan á béèrè nípa omi tó ń já láti òkè òkúta. Èmi kì í gbani níyànjú rẹ̀. Omi iyọ̀ tó bá já láti òkè á ta sí gíláàsì, sí iná, sí ewé, ìyọnu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí á sì di ìlọ́po. Bí ọkàn yín kò bá gbà láìní i, ẹ jẹ́ kó máa rá lọ lára òkúta, kó má fò já.

Ó wá kan igi. Mangrove pupa, tí wọ́n ń pè ní Rhizophora mangle, ló yẹ iṣẹ́ yìí jù. Orí igi ìyá rẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ti ń hù. Ohun tó ń já sínú omi jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tó ti múra tán láti ta gbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń sẹ́ iyọ̀, tí púpọ̀ nínú iyọ̀ kò fi ní wọnú igi rárá. Avicennia, tí òun náà jẹ́ mangrove, ọ̀nà mìíràn ló gbà: ó ń ti iyọ̀ jáde lójú ewé, tí ẹ lè fọwọ́ kàn án bí ó ṣe ń hára. Ẹ ki ìdí igi náà bọ àárín òkúta tàbí iyanrìn díẹ̀, ẹ má rì í mọ́lẹ̀, kí orí tí ewé yóò ti yọ wà lókè omi nígbà gbogbo. Nínú ilé, òjò kò fọ ewé rẹ̀, nítorí náà ẹ máa fi omi aláìníyọ̀ wọ́n ọn. Ẹ máa wo magnẹ́síọ̀mù inú omi pẹ̀lú, ó ń lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé mangrove á fọ omi mọ́ fún yín. Ó lọ́ra láti dàgbà, ohun tó lọ́ra láti dàgbà kì í jẹun púpọ̀. Ẹwà ni ẹ fi ń gbìn ín. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bọ́ sínú omi náà kì í tètè yọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà. Ohun tó dára ni pé kẹ́ ẹ gbin márùn-ún tàbí mẹ́fà pa pọ̀ sójú kan, kẹ́ ẹ sì fi epoxy àti iyanrìn ṣe gbòǹgbò díẹ̀ sáàárín wọn. Bí tòótọ́ bá dàgbà, ẹ yọ ti ọwọ́. Bí ẹ bá ń gé e, orí ẹ̀ka tí ewé ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé. Rhizophora kì í rúwé láti ara ìtì tó ti gbó, ẹni tó bá gé e wálẹ̀ jù ti pa á.

Ewéko kékeré tó lè bá iyọ̀ gbé ni Sesuvium portulacastrum, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń rá lórí iyanrìn, ó sì ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó mọ́ díẹ̀. Ewéko tí kò fẹ́ iyọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò tí kò jò, kí ajílẹ̀ rẹ̀ má baà ṣàn lọ bá iyùn.

Iná jẹ́ ohun tí wọ́n máa ń ṣì mú jù níbi táǹkì báyìí. Iná aláwọ̀ búlúù ni iyùn fẹ́, àmọ́ lábẹ́ búlúù, ewé tútù á dúdú bí èyí tó kú. Òkè ilẹ̀ sì sún mọ́ iná ju iyùn lọ, ewé lè jó. Ẹ gbé iná iyùn sí iwájú, níbi tí igi kò sí, kí ẹ sì fi iná funfun kékeré kan tan ilẹ̀ láti ẹ̀yìn. Acropora, iyùn olókùúta ẹlẹ́ka tó ń fẹ́ PAR (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn lè lò) 200 sókè, á wà ní gbangba níwájú. Discosoma, ẹ̀dá rírọ̀ pẹlẹbẹ tó tan mọ́ iyùn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí 50 sí 100 tẹ́ lọ́rùn á wà lábẹ́ pẹpẹ. Ní ojú omi gan-an, zoanthid, ẹ̀dá rírọ̀ mìíràn tó tan mọ́ iyùn, ló bá a mu, torí ní etíkun, púpọ̀ nínú wọn ń gbé ibi tí òkun máa ń fà kúrò lórí wọn. Ẹ ṣọ́ra fún wọn o. Oró palytoxin tó wà lára àwọn kan lágbára púpọ̀: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú bí ẹ bá ń gé wọn, ẹ má sì se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ omi, ẹ ti gbọ́ ọ káàkiri, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ooru dígírì 24 sí 27, alkalinity (agbára omi láti má jẹ́ kí pH rẹ̀ yí padà) 7 sí 11 ní ìwọ̀n dKH, kálísíọ̀mù 400 sí 450, magnẹ́síọ̀mù 1,250 sí 1,350, mílígíráàmù nínú lítà kan ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí bakitéríà rí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láti máa sọ amóníà, oró inú ìdọ̀tí ẹja, di nitrite, kó sì sọ ọ́ di nitrate, kí ẹja àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ẹ má fi gíláàsì dé orí táǹkì pa. Ní Biosphere 2, ilé gíláàsì ńlá kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti àwọn ènìyàn mọ́ ní 1991, òkun oníyùn wà níbẹ̀, ilẹ̀ mangrove sì wà pẹ̀lú. Nígbà tí kábọ́ọ̀nù dàì-ọ́ksáídì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó yọ́ sínú òkun náà, pH rẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n sì ní láti máa fi kẹ́míkà gbé e ró. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dé tiyín. Afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹja tó ń fò kò ní jáde, akàn tó ti rí àtẹ̀gùn gbà gun orí ilẹ̀ náà kò ní sá lọ. Wáyà iná gbogbo gbọ́dọ̀ dagun wálẹ̀ kó tó gòkè lọ sí ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, kí omi tó bá tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Níbo lẹ óò ti rí iyùn? Gbogbo iyùn olókùúta ló wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ìwé àṣẹ ni a fi ń kó wọn kọjá ẹnubodè. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ dàgbà nínú táǹkì ni mo fọwọ́ sí. Ó ti mọ́ omi táǹkì lára, kò sì sí òkun kankan tó di ahoro nítorí rẹ̀. Mangrove náà, òfin dáàbò bò ó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó ṣa irúgbìn rẹ̀, kí ẹ má sì ja á lórí igi.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí ẹ bá ń lẹ iyùn, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán sílẹ̀ láàárín orí rẹ̀ àti ojú omi. Ó máa kọ́kọ́ dà bíi pé ibẹ̀ ṣófo jù. Acropora tó ń ṣe dáadáa á kún àyè yẹn, ẹ̀ka rẹ̀ á sì dé ìlà tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ látàárọ̀. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ fún ẹlòmíràn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ mú ìbéèrè yín wá.